Háàdì Ayédèrú Tí Mo Fi Sínú Lápútọ́ọ̀pù Nọ́ọ̀sì

Mọ́rèníkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ ọ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n mo ti lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nídìí ẹ̀rọ táwọn tó lọ sílé ìwé fi ń kọ̀wé, níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bàbá Táípù ni wọ́n ń pè mí. Mọ́rèníkẹ́ ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáa. Mo ní kó má bi mí. Ó bi mí lọ́jọ́ kejì. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kẹta. Ó dáa. Kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Inú ń bí mi, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀bú Igbó ni bàbá mi ti mú mi wá fún Ọ̀gá Sálísù. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá ní "ó dáa", bàbá mi padà sílé, èmi dúró. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́, mo fi tọ́ ọmọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa owó.

Táípúráítà ni Ọ̀gá Sálísù ń tún ṣe, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Olówógbowó. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Odindi ọdún kan ni mo fi ń fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú lẹ́tà, tí mi ò fọwọ́ kan síkúrú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á fi gèlè ìyàwó ẹ̀ di ojú mi, á gbé ẹ̀rọ kan síwájú mi, á máa tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"Mi ò ní kó o mọ̀. Mo ní kó o gbọ́."

Á tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ṣì í, rúlà máa bà mí lọ́rùn ọwọ́. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Ó tó ọdún kejì kí n tó mọ̀ pé mo ti ń gbọ́. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀, bẹ́líìtì tó fẹ́ já, mo máa mọ̀ ọ́n látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bákan náà ló ṣe kọ́ mi ní ìwúwo. Tá a bá ra ohun tuntun wá, á gbé e lé mi lọ́wọ́ kan, á gbé ti àtijọ́ lé mi lọ́wọ́ kejì. Ayédèrú máa ń fúyẹ́. Ọwọ́ mi kọ́ ọ.

Òfin kan tún wà tí kò gbà kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ pa rẹ́. Ohun tó o bá yọ kúrò nínú ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, ìbáà jẹ́ síkúrú tó ti dógùn-ún, o máa fi okùn so ó, o máa gbé e kọ́ ìṣó ara ògiri. Ọjọ́ méje. Tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ti lò ó fún ọjọ́ méje tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa, o máa pè é kó wá mú ẹrù ẹ̀. Mo ju sípíríǹgì kan nù lọ́jọ́ kan. Ó ti wọ́, kò wúlò fún nǹkankan.

Ọ̀gá ní, "Ṣé tìẹ ni?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Ta ló ní kó o sọ ọ́ nù?"

"Kò sẹ́ni, ọ̀gá."

Ó ní kí n lọ wá a. Òjò ń rọ̀. Mo wà nínú gọ́tà láti ìrun àílà títí di ìrun àsárì, tí mò ń fọwọ́ wá sípíríǹgì nínú ẹrẹ̀. Mo rí i. Ẹni tó ni ẹ̀rọ dé lọ́jọ́ kejì, ó wo sípíríǹgì náà, ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú nù síta. Ọ̀gá ò wo apá ọ̀dọ̀ mi pàápàá.

Nígbà tí ọ̀gá kú, mo gba ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni táípúráítà kú tẹ̀ lé e. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: ọ̀sẹ̀ yìí ẹ̀rọ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e márùn-ún, ó di pé mo jókòó tí mò ń lé eṣinṣin. Mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí mo lè bí. Mò ń pè é ní ọ̀gá, ó ń pè mí ní bàbá, ojú ń ti àwa méjèèjì. Lẹ́tà tí mi ò lè kà, mo fi àwòrán ibi tí wọ́n wà mọ̀ wọ́n. Mo kọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú kọ̀ǹpútà ni háàdì. Àpótí irin kékeré ni, inú ẹ̀ ni gbogbo ohun téèyàn bá kọ ń gbé, àwo róbótó kan ló ń yí nínú ẹ̀. Ó ń dún. Tó bá ń ṣàìsàn, á máa ṣe ka, ka, ka. Mo máa ń gbé etí lé e, àwọn kọ́sítọ́mà á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Táípù, kí ló ń sọ fún yín?"

"Ó ní kẹ́ ẹ yé gbé tíì lé òun lórí."

Lẹ́yìn náà ni tuntun dé, èyí tí wọ́n ń pè ní SSD. Kì í yí. Kì í gbóná. Kò ní àwo nínú. Ó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì. Tẹ́ ẹ bá fi í rọ́pò háàdì nínú lápútọ́ọ̀pù tó ti ń fà, lápútọ́ọ̀pù náà á jí kẹ́ ẹ tó jókòó. Ó dáa. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í dún. Mo gbé etí lé e títí, òfìfo ni mò ń gbọ́. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Sálísù fi rúlà kọ́ etí mi, ọjọ́ tí nǹkan yìí dé ló parí. Ìwúwo nìkan ló kù mí kù.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ni lápútọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ sọ, wá ńkọ́? Ọmọ Iléṣà ni, ó tiẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ló ní, kò jìnnà sí Iga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó. Ìdajì àwọn tó ń rìn ládùúgbò yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Ìwé ńláńlá ló fi ń kọ orúkọ wọn: orúkọ ìyá, ọjọ́, wákàtí, akọ tàbí abo, bó ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá nílò ìwé ọjọ́ ìbí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn òbí ayé ìgbà yẹn ò lọ sọ fún ìjọba. Lọ́dún kan, omi ọ̀sà wọlé, ó bo àwọn ìwé náà. Nọ́ọ̀sì sá wọn sórí àjà, ó fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó jẹrà, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú lápútọ́ọ̀pù. Ìwé jẹrà tán, wọ́n dà á nù. Fóònù kún, ó pa fọ́tò inú ẹ̀ rẹ́. Bó ṣe di pé inú lápútọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni ọjọ́ ìbí ìdajì Ìsàlẹ̀ Èkó wà nìyẹn. Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè. Ẹ fi sọ́kàn pé mi ò bèèrè.

Ó gbé lápútọ́ọ̀pù wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan.

"Bàbá Táípù, mo tan nǹkan yìí kí n tó lọ wẹ̀. Mo wẹ̀ tán, mo múra tán, ó ṣì ń yí."

"Háàdì ẹ̀ ti gbó."

"Wọ́n ní ọ̀kan wà tó ń yára. Ẹ fi sí i fún mi. Ràímì ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ràímì wo?"

"Ràímì tó ń wa mọ́tò l'Óbàléńdé. Ọmọ ẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá fún pásípọ́ọ̀tù. Èmi ni mo gbẹ̀bí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dúró lórí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Mo lè wá háàdì oníyíyí mìíràn tó lágbára díẹ̀ sí i. Á yára díẹ̀, mo máa gbọ́ ọ. Mo lè ra SSD lọ́wọ́ ẹni tí mo ti ń bá rajà tipẹ́; kékeré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, fọ́tò Nọ́ọ̀sì ò ní wọ̀ ọ́, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kóun wá ńlá. Ẹ̀kẹta ni Kàmọ́rù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní òpópónà kejì ni, ẹnu ẹ̀ dùn. Ó ní SSD ńlá nílẹ̀, ó sì máa ń ṣe pààrọ̀: ẹ mú ti àtijọ́ wá, ó máa gbé owó tuntun wálẹ̀.

Mo gbé ti Kàmọ́rù lọ́wọ́. Ó wúwo. Mo gbé ojúlówó kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ kejì. Ti Kàmọ́rù tiẹ̀ wúwo jù ú lọ. Kàmọ́rù ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ fún mi.

"Bàbá, èyí máa gba gbogbo ìwé tó wà l'Ékòó."

"Ṣé ojúlówó ni?"

"Bàbá, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ ọ́n."

Ó mọ ohun tó máa sọ fún mi. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, ibẹ̀ gan-an ló ti mú mi.

Ó ní, "Ẹ gbé e lọ. Ẹ sáà mú ti àtijọ́ wá kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, kò sí pààrọ̀ mọ́ o."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú háàdì àtijọ́ sínú tuntun. Ó lọ geere. Fọ́tò gbogbo tò síbẹ̀, ẹyọ kan ò sọ nù. Mo ṣí méjì lókè pátápátá, ojú ìwé Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ́ kedere. Mo pa á dé. Okùn wà lórí tábìlì. Ìṣó ọ̀gá wà lára ògiri. Mo wo ìṣó yẹn, mo wo aago, mo mú háàdì àtijọ́, mo gbé e lọ fún Kàmọ́rù. Mo ní ọjọ́ méje wo, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ sípíríǹgì yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rú òfin ọ̀gá.

Mọ́rèníkẹ́ ní kí n sinmi díẹ̀. Mi ò sinmi. Máa kọ.

Ní Mọ́ńdè, Nọ́ọ̀sì tí mo ti dá lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ padà fún pè mí lórí fóònù. Kò pariwo. "Bàbá Táípù, ẹ máa bọ̀." Mo dé ibẹ̀, Ràímì wà lórí àga, fìlà wà lórí orúnkún ẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó jókòó bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tẹ fọ́tò ọdún tí wọ́n bí i. Kò ṣí. Ó tẹ òmíràn. Dúdú. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Orúkọ wà níta, kò sí nǹkankan nínú. Àwọn díẹ̀ tó wà lókè ṣí. Láti ibì kan lọ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ òfìfo.

Ràímì ní, "Ṣé wọn ò bí mi mọ́ ni?" Ó ń ṣe àwàdà.

Mo tú lápútọ́ọ̀pù lójú wọn. Mo yọ SSD, mo fi síkúrúdíráífà la ẹ̀yìn ẹ̀. Mẹ́mòrì kékeré kan, irú èyí tó ń wà nínú fóònù, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, wọ́n sì ti tàn án kó máa pe ara ẹ̀ ní ńlá. Tó bá ti kún, á máa gba orúkọ, á máa da ẹrù nù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́. Irin yẹn ò so mọ́ nǹkankan. Iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó wúwo lọ. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó rò ó pé àgbà kan máa gbé e lọ́wọ́ wò, ó sì gé irin fún ọwọ́ àgbà náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí irin yẹn, àyà mi máa ń gbóná. Ó ń gbóná báyìí.

Mo dé ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù, mo jù ú sórí tábìlì ẹ̀.

"Háàdì àtijọ́ dà?"

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Mo ní háàdì àtijọ́ dà?"

"Mo ti fọ́máàtì ẹ̀, mo ti nu gbogbo inú ẹ̀ nù, wọ́n ti rà á láàárọ̀ òní. Ẹni tó rà á, mi ò mọ̀ ọ́n." Ó gbé èyí tí mo là wò. "Háà. Bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn o. Ṣé ẹ ò dán an wò ni?"

"Mo ṣí méjì."

"Méjì, Bàbá? Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà?" Ó yíjú sí àwọn tó jókòó tì í. "Bàbá ṣí méjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fa àga ẹ̀ ṣubú. Alága ọjà dé, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ọjà ni, ó ní kí Kàmọ́rù dá owó mi padà. Ó dá a padà. Gbogbo wọn wá ń wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo bi alága pé èwo nínú owó yìí ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí Ràímì sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi." Kàmọ́rù ṣì ń tajà níbẹ̀ di òní, ó tiẹ̀ ń kí mi.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n á sọ fún yín pé yíyára ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Kẹ́ ẹ tó mú èyí tó ń yára, ẹ bi ẹni tó ni ẹ̀rọ pé ibo ni ẹrù ẹ̀ tún wà yàtọ̀ sí inú ẹ̀rọ yìí. Tó bá ní kò sí níbòmíràn, ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi wà níbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá ra tuntun, ẹ kó ẹrù tí kò já mọ́ nǹkankan kún un dẹ́nu, kẹ́ ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀, kì í ṣe méjì. Ọjọ́ kan ni, bóyá méjì. Ẹni tí kò bá lè fún yín lọ́jọ́ méjì, kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì ò bú mi. Ìbá dáa kó bú mi. Ó ra ìwé ńlá tuntun, ó ní ká máa lọ láti ilé dé ilé, ká máa bi àwọn ìyá. Sátidé lórí Sátidé la fi lọ, láti ẹ̀yìn Iga dé Olówógbowó, èmi ń gbé àga kékeré tó máa fi jókòó. Àwọn kan rántí ọjọ́. Àwọn kan rántí pé ọ̀sẹ̀ kejì iléyá ni, òjò sì ń rọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wo Nọ́ọ̀sì tòkè tilẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo bí Súlè? Mo ti sọ ọ́ fún ẹ nígbà tí mò ń rọbí."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, a ti sọ ọ́ nù ni."

"Mo sanwó kó o lè bá mi rántí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni màá rántí ẹ̀, ṣé mi ò bá ti fowó mi ra ẹja?"

Èmi ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn, Nọ́ọ̀sì ló dojú kọ ọ́. Ó ní "ẹ má bínú, Màmá", ó sì dúró títí ìyá náà fi rántí.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó tún gbé lápútọ́ọ̀pù yẹn wá bá mi.

"Ẹ fi òmíràn sí i. Ojúlówó."

"Mi ò ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíràn."

"Ta ni?"

"Wọ́n pọ̀. Wọ́n kàwé."

"Bàbá Táípù, ta ló máa bẹ̀rù ẹ̀ tó yín?"

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúró ọ̀sẹ̀ méjì de ẹni tí mo ti ń bá rajà. Mo la ẹyọ kan níwájú ẹ̀, ó bínú, mo sanwó ẹ̀, mo ra ìkejì. Mo kó ẹrù kún un, Mọ́rèníkẹ́ jókòó tì mí, a ṣí gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí mo ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku Ràímì. Ìyá ẹ̀ ti kú, bàbá ẹ̀ ti kú, kò ní ẹ̀gbọ́n. Kò sí ilẹ̀kùn tá a máa lọ kàn fún tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì rántí pé ó wúwo, ó sì bọ́ sáyé láàárọ̀. Kò rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kóòtù, wọ́n ní tí kò bá sí ìwé, kó mú àgbà kan wá tó máa búra sí ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ràímì wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù. Ẹ bá mi yan ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá búra sí i. Ọjọ́ tó bá ti wù yín."

"Kí n fọwọ́ lé Kùránì pé mo mọ ọjọ́ tí mi ò mọ̀?"

"Bàbá, Mẹ́kà ni mò ń lọ. Ọlọ́run á foríjì yín."

"Kí n parọ́ kó o lè rí ọ̀nà lọ sí Mẹ́kà?"

Ó dìde. Kò bínú, ojú ẹ̀ ṣáà kú. Ó ní òun gbọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, ó padà wá pẹ̀lú ìwé kan tó ní òǹtẹ̀. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lẹ́bàá kóòtù, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, tó ń báni búra tó o bá ti sanwó ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Bàbá yẹn ò rí Ràímì rí láyé ẹ̀. Ó búra pé ojú òun ni wọ́n ṣe bí i.

Mo ní kí Mọ́rèníkẹ́ kà á fún mi. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní ọjọ́ ìbí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń kọ fún wọn.

Ràímì ní, "Wọ́n ti gbà á, Bàbá. Wọ́n ti fún mi ní pásípọ́ọ̀tù."

Mo ní, "Ọlọ́run á gbé ẹ lọ, á gbé ẹ bọ̀."

Ó lọ. Mọ́rèníkẹ́ ká ẹ̀dà ìwé náà tó fi sílẹ̀ fún wa, ó bi mí pé ibo lòun máa fi í sí. Mo ní kó gbé e lọ fún Nọ́ọ̀sì, kó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tuntun yẹn pẹ̀lú ti àwọn yòókù, kó sì kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé irọ́ ni, èmi ni mo fà á.